Ìyá Tó Ń Bá Wa Wẹ Ọmọ

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé irọ́ kékeré kò ba nǹkan jẹ́, ẹ fa àga yín súnmọ́ ibí. Ṣọlápé fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún mi, òun náà ló ní kí n kọ ọ́. Kò bẹ̀ mí pé kí n fi oyin sí i, mi ò sì ní fi oyin sí i. Ọmọbìnrin yìí fi ẹnu ara rẹ̀ pa ìyá tó tọ́ ọ dàgbà, bẹ́ẹ̀ ìyá náà ń mí, ó ń jẹ, ó ń ta búrẹ́dì ní páàkì Challenge.

Abọ́sẹ̀dé lorúkọ ìyá náà. Gbogbo páàkì ló mọ̀ ọ́n sí Ìyá Ṣọlápé. Aládùúrà ni, àwọn tí kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ aṣọ funfun. Kò rí ọmọ bí. Ọmọ tí ayálégbé ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un nínú ilé kan lẹ́yìn páàkì ló tọ́.

Ayálégbé náà ń jẹ́ Islamiyat. Ọmọdé ló ń ṣe é nígbà náà. Ó bí ọmọbìnrin kan, bàbá ọmọ kò yọjú. Ìgbà tí ọmọ náà ń kọ́ ìrìn, Islamiyat ní òun fẹ́ lọ wáṣẹ́ sí Èkó, pé bí òun bá ti fìdí múlẹ̀, òun á padà wá mú un. Kò padà wá. Abọ́sẹ̀dé retí rẹ̀ títí, nígbà tó sú u, ó gbé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ ní Ṣọlápé.

Kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún un. Nígbà tí Ṣọlápé ń múra àtilọ sílé ọkọ, ó pè é sínú yàrá.

"Àwẹ̀ró mi," ó ní, oríkì tó fi ń pè é láti kékeré nìyẹn, "èmi kọ́ ni mo bí ọ. Ìyá rẹ fà ọ́ lé mi lọ́wọ́ ni. Bó bá yọjú lọ́jọ́ kan, má bínú sí i. Ọmọdé ló ń ṣe é."

Ṣọlápé dì mọ́ ọn, ó ń sunkún. "Màámi, ẹ̀yin nìkan ni ìyá tí mo mọ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi gbólóhùn yẹn sápò.

Iṣẹ́ kí á máa kun ojú fún àwọn ìyàwó ọ̀ṣìngín ni Ṣọlápé ń ṣe, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Bódìjà. Oníbàárà kan jókòó síwájú dígí níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, dípò kó máa wo ojú ara rẹ̀, ojú Ṣọlápé ló ń wò.

"Ẹ má bínú o, ṣé ẹ̀yin àti Alhaja Islamiyat tó ń ta aṣọ ní Olúyọ̀lé kì í ṣe ẹbí?"

"Rárá o."

"Imú yín! Àti bí ẹ ṣe ń di ojú kan tí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹni wọ́n fi òǹtẹ̀ lù yín lára ni."

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ Ṣọlápé. Orúkọ náà kò tíì kúrò létí rẹ̀ láti ọjọ́ tí Abọ́sẹ̀dé ti dárúkọ ìyá rẹ̀ fún un.

Ó gba àdírẹ́sì. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó lọ. Kò sọ fún Abọ́sẹ̀dé. Ó sọ fún Fikáyọ̀, ọkọ rẹ̀, pé òun ń lọ kun ojú fún oníbàárà kan nílé. Ìyẹn ni irọ́ àkọ́kọ́.

Ilé ńlá ni, géètì dúdú, òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Alhaja ló ṣílẹ̀kùn. Obìnrin náà wò ó, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Àwọn ẹbí rẹ̀ kún inú pálọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń jẹun ọ̀sán. Ó bojú wẹ̀yìn wò wọ́n, ó tún wo Ṣọlápé, ó wá fi igbe ta.

"Ràmọ́tà! Ọmọ mi! Ọmọ mi tí wọ́n jí gbé!"

Ọ̀rọ̀ náà gún Ṣọlápé létí. Jí gbé bíi ti báwo? Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti bò ó. Àwọn kan ń dì mọ́ ọn, àwọn kan ń kígbe Àlàáhù Àkùbárù, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan sì ń tiro bọ̀ láti ìdí tábìlì, omijé ń dà lójú rẹ̀. Mọ́ṣúdù ni, ẹ̀gbọ́n Alhaja, olórí ẹbí, ẹni tó ń ta táyà ní Ring Road.

"Mo wá ọ," ó ń wí. "Mo wá ọ kárí Èkó. Mọ́tò gbá mi ní Òṣòdì níbi tí mo ti ń wá ọ kiri. Wo ẹsẹ̀ mi. Wò ó!"

Irọ́ tí Islamiyat ti pa fún ẹbí rẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin tó rí ní Èkó ní òun kò fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé òun, Islamiyat fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kò sì lè sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun ti fi ọmọ tọrẹ. Ó wá ní òun gbé ọmọ náà lọ sí Èkó, obìnrin kan gbé e sá lọ ní Òṣòdì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà á gbọ́, ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ san án.

Alhaja fa Ṣọlápé wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀. Àbí ẹ gbọ́? Ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ.

"Má tú mi fó. O rí ẹsẹ̀ Bùrọ̀dá. Tí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni mo fi ọ́ sílẹ̀, wọ́n á pa mí. Mo bẹ̀ ọ́, Ràmọ́tà. Ọmọ mi kan ṣoṣo."

Ó yẹ kí Ṣọlápé bínú. Inú bí i díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n padà sí pálọ̀, tó bojú wo àwọn tó jókòó, imú òun ló rí lójú gbogbo wọn. Ọmọ Mọ́ṣúdù kan rẹ́rìn-ín, ó di ojú kan. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, yàtọ̀ sí oníbàárà yẹn, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ó jọ ẹnikẹ́ni. Nínú pálọ̀ yìí, gbogbo èèyàn ló ń jà lórí ẹni tó jọ jù. Ó dùn mọ́ ọn gan-an. Kò fẹ́ kí ohunkóhun dá a dúró.

Mọ́ṣúdù wá béèrè. "Obìnrin tó jí ọ gbé náà dà? Níbo ló ń gbé? Ọ̀la ni mo máa kó ọlọ́pàá lọ bá a."

Ṣọlápé wo Alhaja. Alhaja ń wo ilẹ̀.

"Ó ti kú, sà."

"Ó ti kú?"

"Ó ti pẹ́ tó ti kú."

Mọ́ṣúdù na ọwọ́ sókè. "Ọlọ́run ti bá mi mú un. Kó máa jóná níbi tó wà!"

"Àmín!" gbogbo ilé dáhùn.

Ṣọlápé náà ní àmín. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí, mo sì ti kọ ọ́.

Nígbà tó ń darí lọ sílé rẹ̀ ní Àgbówó, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Challenge. Abọ́sẹ̀dé ń palẹ̀ búrẹ́dì mọ́. Ó ti fi èyí tó rọ̀ jù pamọ́ dè é gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ṣọlápé ronú pé òun kò lè pa gbogbo rẹ̀ mọ́, ó sọ ìdajì.

"Màámi, mo ti rí ìyá mi."

Abọ́sẹ̀dé kígbe. Ó jó yí tábìlì búrẹ́dì ká, àwọn awakọ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún un láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. "Islamiyat! Ó wà láàyè! Ọlọ́run ṣeun. Ọ̀la ni ká lọ kí i."

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣì fún àwọn láyè díẹ̀. Ara wọn ò le."

"Háà. Ara rẹ̀ á le lórúkọ Jésù." Ó wá búrẹ́dì ńlá kan, ó fi í sínú ọ̀rá. "Mú èyí fún un. Sọ fún un pé mi ò bínú, pé ìgbàkigbà tó bá fẹ́ kí n wá ni mo ṣe tán."

Ṣọlápé gbé búrẹ́dì lọ sí Olúyọ̀lé, ṣùgbọ́n kò jẹ́ iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà, ìgbàkigbà tó bá ń lọ, Abọ́sẹ̀dé á dì í lẹ́rù búrẹ́dì. Mọ́ṣúdù fẹ́ràn rẹ̀ bí nǹkan míì. Yóò fi wé àkàrà, yóò máa jẹ ẹ́, yóò ní, "Níbo lo ti ń rí búrẹ́dì dáadáa yìí, ọmọ mi?"

"Ní Challenge, sà."

"Ọwọ́ ẹni tó ń tà á kò ní í rọ o."

Àdúrà kan náà tó yẹ kó gbà fún Abọ́sẹ̀dé ló ń gbà fún un láìmọ̀, lẹ́yìn tó ti ní kó máa jóná. Ṣọlápé á sì jókòó, á máa rẹ́rìn-ín.

Fikáyọ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Kò pẹ́ tó fi mọ gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ ya wèrè.

"O ní Màámi ti kú? Màámi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà ọ́ lé mi lọ́wọ́ níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n kó ọlọ́pàá bá wọn ni?"

"Ọlọ́pàá á bá wọn ṣe kí ni, nígbà tí wọn ò jalè? Òótọ́ ni kó o sọ!"

"Màá sọ ọ́. Jẹ́ kí n wá àkókò tó dáa."

Àkókò tó dáa kò dé. Oyún ló dé.

Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Bí ọmọbìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ ni yóò wá wẹ ọmọ. Yóò jókòó sórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀, yóò tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀, yóò fi omi gbígbóná àti kànrìnkàn fọ ara rẹ̀, yóò nà án lápá, yóò nà án lẹ́sẹ̀, yóò jù ú sókè, yóò sì máa kì í. Kò sí ìyá tó máa ń fi iṣẹ́ yìí fún ẹlòmíràn. Alhaja kò lè wá ní tirẹ̀, ìgò oúnjẹ ọmọ àti aṣọ ló ń fi mọ́tò rán, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó mọ ẹni tó máa bá nídìí omi.

Abọ́sẹ̀dé ní tirẹ̀ ti di ẹrù kí ọmọ tó délẹ̀. Ó ti gbé àpótí rẹ̀ wá. Ó fẹ́ wá sun ọ̀dọ̀ wọn títí ara ìyá ọmọ á fi le.

"Màámi, yàrá ò gbà wá," Ṣọlápé ní. "Ẹ máa wá láàárọ̀, kẹ́ ẹ máa lọ."

Ojú Abọ́sẹ̀dé yí padà, ṣùgbọ́n kò jiyàn. Láràárọ̀ ni yóò wọ takisí Máíkírà láti Challenge, yóò wọ òmíràn ní Mókọ́lá, kó tó dé Àgbówó. Yóò wẹ ọmọ tán, yóò fi òrí pa á lára, yóò sì tún gbéra padà sídìí búrẹ́dì rẹ̀. Bí àwọn ará Olúyọ̀lé bá wá kí ọmọ nírọ̀lẹ́, wọn kò ní bá a.

Gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé. Àmọ́ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kì í ṣe ohun tí a lè fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá wo ni kò mọ ọjọ́ kẹjọ kà?

Ṣọlápé jókòó ro ọgbọ́n. Ó sọ fún Alhaja àti Mọ́ṣúdù pé kí wọ́n wá nígbà tí oòrùn bá ti yọ dáadáa. Ó sì sọ fún Abọ́sẹ̀dé pé, "Màámi, ẹ wẹ ọmọ tán ní kùtù, kẹ́ ẹ wá padà sí Challenge lọ kó búrẹ́dì tí àwọn àlejò máa jẹ. Ẹ̀yin nìkan ni mo gbọ́kàn lé." Ó mọ̀ pé pẹ̀lú bí ọkọ̀ ṣe máa ń há ní Mókọ́lá àti Sángo, kí ìyá náà tó dé, wọ́n á ti sọ ọmọ lórúkọ, àwọn ará Olúyọ̀lé á sì ti lọ.

Abọ́sẹ̀dé ní, "Búrẹ́dì tó dáa jù ni màá kó wá. Ọmọ ọmọ mi!"

Ohun tí Ṣọlápé kò mọ̀ ni pé Mọ́ṣúdù ti lọ gbé Ìyá Ọ̀ṣuntóyìn wá láti Ìwó. Àbúrò ìyá Mọ́ṣúdù àti Alhaja ni, òun nìkan ló kù nínú àwọn àgbà obìnrin ilé wọn. Ìyá arúgbó náà kò gbà láti dúró kí oòrùn yọ. Ó ní òun fẹ́ débẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wẹ ọmọ, pé ibi ìwẹ̀ ni a ti ń mọ ọmọ.

Bí Ṣọlápé ṣe gbọ́ fèrè mọ́tò níta nìyẹn. Abọ́sẹ̀dé ti wà ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ọmọ lórí ẹsẹ̀, ọṣẹ ti hó lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣọlápé sáré síwájú ilé láti dá wọn dúró, ṣùgbọ́n Mọ́ṣúdù ti di ìyá arúgbó lápá mú, wọ́n ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé bọ̀. Alhaja ṣì wà nídìí bùùtù, ó ń sọ àwọn kúlà oúnjẹ kalẹ̀.

Mọ́ṣúdù rí obìnrin tó jókòó sórí àpótí. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ràmọ́tà, ta nìyí?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ààyè wà níbẹ̀ fún òótọ́. Ṣọlápé fúnra rẹ̀ ní òun rí ààyè náà gbangba.

Ó ní, "Ìyá tó ń bá wa wẹ ọmọ ni, sà."

Ọwọ́ Abọ́sẹ̀dé dúró lórí ikùn ọmọ. Kò gbójú sókè. Fikáyọ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ní, "Ṣọlápé!" ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Abọ́sẹ̀dé bu omi sí i lára, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè, ó ń kì í:

"Ọmọ a-kaná-de-àlejò,
Àlejò ò tíì kàn'lẹ̀kùn, omi ti hó.
Ọmọ Ọ̀ṣuntóyìn a-wẹdò-gbàgbé-bèbè,
Ó délé tán, ó ní ẹja ló yá a wọ̀…"

Ó ń kì í lọ, ọ̀rọ̀ náà gùn, ó ń dárúkọ àwọn obìnrin tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n nínú àwa tí a wà láyé. Ọmọ dákẹ́. Ìyá Ọ̀ṣuntóyìn já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ Mọ́ṣúdù.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?"

"Ìyá, ẹ jókòó," Mọ́ṣúdù ní.

"Mi ò jókòó! Èmi ni Ọ̀ṣuntóyìn yẹn. Mo sọ bèbè mi, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mi, nù sódò nígbà tí mo kéré, mo purọ́ fún ìyá wa pé ẹja ló yá a. Ìyá wa ló fi í kún oríkì láti fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ̀yìnkùlé wa ló mọ, nídìí ìwẹ̀ ọmọ, láàárín obìnrin nìkan. Ìwọ Mọ́ṣúdù tí o jẹ́ ọmọ ilé, o gbọ́ ọ rí?"

"Mi ò gbọ́ ọ rí, mà."

"Ẹ̀gbọ́n mi tó bí yín ti kú. Islamiyat nìkan ló kọ́ ọ." Ó tẹ̀ sún mọ́ àpótí. "Obìnrin yìí, mo bi ọ́ léèrè."

Abọ́sẹ̀dé dá a lóhùn jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára ọmọ. "Islamiyat náà ló kọ́ mi, mà. Kó tó lọ sí Èkó ni. Ó ní bí ọmọ òun bá ń ké nídìí ìwẹ̀, òun ló máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Ó kọ́ mi títí mo fi mọ̀ ọ́n. Àwẹ̀ró tí mò ń pe ọmọ náà, òun ló fún un, èmi kọ́."

"Ọmọ wo?" Mọ́ṣúdù béèrè.

"Èyí tó dúró tì yín yìí. Ràmọ́tà ni ìyá rẹ̀ ń pè é kó tó fà á lé mi lọ́wọ́ ní Challenge."

"Ní Challenge. Kì í ṣe ní Òṣòdì?"

"Mi ò dé Òṣòdì rí láyé mi, sà."

Alhaja ló yọ sí ẹ̀yìnkùlé nígbà yẹn, kúlà méjì lọ́wọ́. Ó rí Abọ́sẹ̀dé. Abọ́sẹ̀dé wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Islamiyat, káàbọ̀. O mà pẹ́ ní Èkó o."

Kúlà bọ́, ìrẹsì dà sílẹ̀. "Ta nìyí? Mi ò mọ obìnrin yìí rí!"

"Ó mọ bèbè mi," Ìyá Ọ̀ṣuntóyìn ní, "ìwọ wá ní o ò mọ̀ ọ́n? Ẹni tó jí ọmọ gbé ní Òṣòdì, ìgbà wo ló jókòó kọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu rẹ? Ṣé o ní kó dúró kó gba oríkì kó tó sá lọ ni?"

Mọ́ṣúdù wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti rọ, ó wo àbúrò rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ju bí mo ṣe lè fi ìwé sọ ọ́.

"Gbogbo ọdún tí mo fi ń tiro yìí, o ń wò mí."

Ó wá yíjú sí Ṣọlápé. "Ìwọ. Ìwọ lo sọ fún mi pé ẹni tó tọ́ ọ ti kú. Mo ní kó máa jóná, o ní àmín."

Abọ́sẹ̀dé yíjú sí Ṣọlápé fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Àwẹ̀ró. Ta ló ní mo ti kú?"

Ṣọlápé ti wà lórí eékún, nínú omi ọṣẹ. "Màámi, èmi ni."

"Ṣé o ti ń gbé búrẹ́dì mi lọ fún wọn nígbà yẹn?"

"Ọjọ́ yẹn gan-an lẹ kọ́kọ́ dì í fún mi, mà."

Abọ́sẹ̀dé mi orí. Ó ṣan ọṣẹ kúrò lára ọmọ, ó nà án lápá, ó nà án lẹ́sẹ̀, ó nu ún gbẹ, ó fi òrí pa á, ó wé e, ó sì gbé e fún Ìyá Ọ̀ṣuntóyìn. Ó fún kànrìnkàn, ó gbé àpótí rẹ̀ sí abíyá.

"Màámi, ẹ má lọ," Fikáyọ̀ ń bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ká jọ sọ ọmọ lórúkọ."

"Ṣé òkú máa ń bá wọn sọmọ lórúkọ ni, ọkọ mi?"

Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde.

Wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ, bí a bá lè pe ìyẹn ní ìsọmọlórúkọ. Àwọn ẹbí Fikáyọ̀ dé, wọ́n ń béèrè pé, "Ìyá ìyàwó dà?" Ìyá Ọ̀ṣuntóyìn kò fún ọmọ lórúkọ kankan, ó ní kí wọ́n gbé òun padà sí Ìwó. Mọ́ṣúdù gbé e lọ, kò dágbére fún ẹnì kan. Láàárín èyí, Máíkírà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, awakọ̀ ń já búrẹ́dì kalẹ̀. Ó ní Ìyá Ṣọlápé ló ní kí òun kó o wá. Àwọn àlejò jẹ ẹ́, wọ́n ń yìn ín. Ṣọlápé kò lè fi ẹnu kàn án.

Alhaja ló lọ kẹ́yìn. Ṣọlápé rò pé yóò gbá òun mọ́ra, pé àwọn méjèèjì á jọ sunkún.

"Ìwọ lo bà mí jẹ́," Alhaja ní. "Ó yẹ kó o mọ bó o ṣe máa lé obìnrin yẹn jìnnà. Má wá sílé mi mọ́. Tó o bá wá, màá ní mi ò mọ̀ ọ́ rí."

Obìnrin yìí mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ó ti ṣe é rí. Nígbà tí Ṣọlápé lọ sí Olúyọ̀lé lọ́sẹ̀ kejì, ọlọ́dẹ kò ṣí géètì fún un. Àwọn tó nímú bíi tirẹ̀ kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Mọ́ṣúdù gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, "Irú ìyá rẹ lo jẹ́," ó sì pa á.

Ó pọn ọmọ, ó lọ sí Challenge. Àwọn ọmọ páàkì ń kígbe "Èkó! Òjótà! Ó ku ẹnì kan!" Abọ́sẹ̀dé dúró lẹ́yìn tábìlì rẹ̀. Ó rí i.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Èyí tó gùn lẹ fẹ́ ni, àbí kékeré?"

Ìyá tó fi ọwọ́ nu imú rẹ̀ fún un ló ń pè é ní ẹ̀yin. Ṣọlápé kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Màámi, ẹ nà mí. Ẹ bú mi."

"Ẹ dìde, mà. Aṣọ yín á dọ̀tí. Mi ò lè na ọmọ ọlọ́mọ."

"Ọmọ kì í dákẹ́ nídìí ìwẹ̀, Màámi. Bí ẹ ò bá ní í wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní oríkì yẹn nìkan."

Abọ́sẹ̀dé wo ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó tún fìlà ọmọ náà ṣe, ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ó wá fà á padà.

"Ẹbí yín ló ni oríkì, ẹ lọ sí Olúyọ̀lé kí wọ́n kọ́ yín. Èmi kàn ń bá yín wẹ ọmọ ni." Ó yíjú sí awakọ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọ̀gá, mélòó ni kí n dì fún yín?"

Ṣọlápé ń padà lọ síbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Abọ́sẹ̀dé ń ta búrẹ́dì fún un, ó ń rà á, ó ń gbé e relé. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé pé kí ẹ má ṣe bíi tòun. Mo ti sọ ọ́. Ó tún ní kí n bá òun bẹ Abọ́sẹ̀dé, èyí ni mo kọ̀. Kí ni màá sọ fún un? Pé ó ti jíǹde?

Láràárọ̀ báyìí, Ṣọlápé fúnra rẹ̀ ló ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ní Àgbówó, ọmọ lórí ẹsẹ̀, kànrìnkàn lọ́wọ́. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, òun náà á bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ a-kaná-de-àlejò." Gbogbo ọjọ́ tó fi jẹ́ ọmọdé ni wọ́n fi kì í fún un, kò fetí sí i rí, ó rò pé yóò máa wà níbẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ bèbè tó fa ìjà yẹn nìkan ló tún rántí lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń kì í ní àkìtúnkì, ọmọbìnrin tó sọ ìlẹ̀kẹ̀ nù, tó délé tó purọ́ pé ẹja ló yá a. Ọmọ ń ké lọ.